Fridtjof Nansen: Arìnrìn-àjò tí ó mú Àwọn Ìgbèkùn Padà sí Ilé

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ni ó wí pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà ní ọkàn wa nígbà tí a yan ìtàn ìgbésí-ayé tí a gbé ka iwájú yín ní oṣù yìí. Ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe míṣọ́nnárì tàbí bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni, ní àríwá Yúróòpù, Fridtjof Nansen sì ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akọni tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ẹlòmíràn kò tíì dé rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí nínú ìtàn rẹ̀ ni bí ọkùnrin náà ti mọ adùn ìpadàbọ̀ sí ilé tó, àti bí ó ti kọ̀ láti jẹ adùn náà ní òun nìkan.

A bí Nansen ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1861 ní Store Frøen, nítòsí Kristiania, olú-ìlú Nọ́wè, tí a ń pè ní Oslo láti ọdún 1925 wá. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Ní ilẹ̀ náà òtútù a máa mú tó bẹ́ẹ̀ tí òjò dídì funfun a máa bo orí ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún. Nítorí náà àwọn ènìyàn ibẹ̀ a máa so pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí à ń pè ní síkì, mọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn a sì máa yọ̀ lọ lórí òjò dídì náà. Láti kékeré ni Fridtjof ti mọ síkì lò dáradára, ó sì fẹ́ràn láti máa rìn nínú igbó pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko. Ní ọdún 1882 ó bá ọkọ̀ àwọn ọdẹ séálì lọ sí òkun àríwá, ó sì rí ilẹ̀ Gírínlándì lókèèrè. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ àti la ilẹ̀ náà já ti wọ inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún kan náà ni wọ́n fún un ní iṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìlú Bergen.

Gírínlándì ni ó tóbi jù nínú gbogbo erékùṣù ayé, yìnyín tí ó nípọn bí òkè sì bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti la àárín rẹ̀ kọjá ṣáájú ìgbà náà. Láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ènìyàn ń gbé, ni àwọn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìyà bá sì pọ̀ fún wọn, wọn a yí padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Nansen ro ó ní ọ̀nà mìíràn. Ó ní láti ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí kò sí ilé tàbí ọjà, ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, kò ní sí ohun kan ní ẹ̀yìn wọn láti padà sí. Iwájú nìkan ni ilé yóò wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà náà sọ pé ìwà wèrè ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1888 ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Jason sọ Nansen àti ènìyàn márùn-ún sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré méjì lójú òkun ìlà-oòrùn náà. Ẹni ọdún 26 ni Nansen nígbà náà. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ará Nọ́wè, àwọn méjì ìyókù, Samuel Balto àti Ole Ravna, sì jẹ́ ẹ̀yà Sámì tí ń sin àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù. Yìnyín tí ń léfòó gbé wọn lọ sí gúúsù fún ọjọ́ 12, ó ju 200 máìlì lọ, kí wọ́n tó lè gúnlẹ̀. Wọ́n ní láti wa ọkọ̀ padà sí àríwá, ó sì di ààrin oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn gan-an. Wọ́n gun yìnyín náà títí wọ́n fi dé ibi tí ó ga ju 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òtútù sì mú wọn lóru bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ yóò dì nínú ara. Nígbà tí wọ́n dé etí omi ìwọ̀-oòrùn, wọ́n fi aṣọ àgọ́ àti ẹ̀ka igi ṣe ọkọ̀, Nansen àti Otto Sverdrup sì wà á dé ìlú Godthaab, tí à ń pè ní Nuuk lónìí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá.

Ohun àkọ́kọ́ tí Nansen béèrè ni bóyá ọkọ̀ kan ṣì wà tí ń lọ sí Yúróòpù. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni pé yunifásítì ti fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Oyè ti dé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró ní ibẹ̀ títí di ọdún kejì, Nansen sì bá àwọn Inuit, ọmọ ilẹ̀ náà, gbé. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń ṣọdẹ, bí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ wọn fífúyẹ́, àti bí wọ́n ti ń jẹun. Kò rò nígbà náà pé ẹ̀kọ́ yìí ni yóò gba ẹ̀mí òun là lẹ́yìn ọdún méje. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1889 ni wọ́n wọ Kristiania, ìlú sì tú jáde láti pàdé wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ó gbé Eva Sars, olórin olóhùn iyọ̀, níyàwó.

Síbẹ̀ ilé kò tíì gbà á. Ṣónṣó àríwá ayé ni ọkàn rẹ̀ wà. Ní ọdún 1881 ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Jeannette, rì sínú òkun dídì ní àríwá Sìbéríà. Ní ọdún 1884 a sì rí díẹ̀ nínú àwọn ẹrù rẹ̀ ní etí òkun Gírínlándì. Láti inú èyí ni Nansen ti mọ̀ pé omi dídì náà kì í dúró sí ojú kan, pé ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ la òkè ayé kọjá. Ó pinnu láti jẹ́ kí yìnyín mú ọkọ̀ òun, kí ó sì gbé e lọ. Colin Archer ni ó kan ọkọ̀ náà fún un. Ìdí rẹ̀ rí roboto tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí yìnyín bá fún un, yóò yọ sókè bí èkùrọ́ tí epo wà lára rẹ̀ ti ń yọ kúrò láàrin ìka méjì. Fram ni ó pe orúkọ ọkọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni iwájú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1893 àwọn 13 ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà. Nansen fi Eva sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, Liv, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Yìnyín mú ọkọ̀ wọn ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì ń gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí Nansen ti wí, ṣùgbọ́n ó ń lọ bí ìgbín, kò sì dojú kọ ṣónṣó ayé tààrà. Nítorí náà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1895, Nansen àti Hjalmar Johansen fi ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àkóso Sverdrup, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àríwá pẹ̀lú ajá 28 tí ń fa ẹrù wọn. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní rí ọkọ̀ náà mọ́, nítorí yìnyín yóò ti gbé e lọ. Lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí nǹkan ní ẹ̀yìn.

Wọ́n dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí ní àríwá, ṣùgbọ́n ṣónṣó náà ṣì jìnnà. Òkìtì yìnyín ni iwájú wọn títí ojú fi ń wò, oúnjẹ sì ń dín. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin Nansen yí padà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ibí yìí. Ẹni tí ó ti ń fi gbogbo ìgbà-èwe rẹ̀ lé ohun kan, tí ó sì ti súnmọ́ ọn ju ẹnikẹ́ni lọ, tí ó wá lè mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí òun padà kí ẹnìkejì òun má bàa kú, a wí pé ọgbọ́n rẹ̀ ju ìgboyà rẹ̀ lọ.

Ìpadàbọ̀ náà gba oṣù 14 kí wọ́n tó rí ojú ènìyàn. Aago wọn kú lójú ọ̀nà, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n wà dájú. Wọ́n ń pa àwọn ajá lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi bọ́ àwọn ìyókù. Nígbà tí ó ku méjì péré, tí wọ́n dé ojú omi tí ajá kò lè bá wọn gbà, kò sí ẹni tí ó lè pa ti ara rẹ̀. Nítorí náà ẹnìkọ̀ọ̀kan pa ti ẹnìkejì. Òtútù sé wọn mọ́ ní erékùṣù Franz Josef. Ní ibẹ̀ wọ́n fi òkúta kọ́ ahéré, wọ́n fi awọ ẹranko òkun kan tí eyín rẹ̀ gùn bí ti erin bò ó, wọ́n sì jẹ ẹran béárì funfun láti oṣù dé oṣù, gẹ́gẹ́ bí Nansen ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Inuit. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1896, atẹ́gùn gbé ọkọ̀ wọn méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ní, kúrò ní èbúté. Nansen bẹ́ sínú omi tútù náà, ó sì lúwẹ̀ẹ́ tọ̀ wọ́n lọ. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kú, ṣùgbọ́n ó mú wọn padà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ó gbọ́ ìró ajá tí ń gbó. Lẹ́yìn náà ó rí ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ mímọ́, tí ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Frederick Jackson ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá ṣe ìwádìí ní erékùṣù náà. Nansen alára dúdú fún èéfín àti ọ̀rá ẹran tó bẹ́ẹ̀ tí Jackson kò kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó jẹ́. Ọkọ̀ Jackson ni ó gbé àwọn méjèèjì dé Vardø ní Nọ́wè, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ. Wọ́n sáré lọ tẹ wáyà sí ilé. Eva wá pàdé ọkọ rẹ̀ ní Hammerfest, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kò tíì kún, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí Fram wà. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà wáyà kan dé láti ọ̀dọ̀ Sverdrup pé yìnyín ti tú ọkọ̀ sílẹ̀, àti pé gbogbo wọn yè. Àwọn 13 tí ó lọ náà ni ó padà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1896 wọ́n wọ Kristiania, a kò sì lè ka iye ènìyàn tí ó dúró ní etí omi.

Bí a bá parí ìtàn náà sí ibí yìí, ìtàn akọni ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ kì í rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Johansen, tí ó bá Nansen jẹ ìyà kan náà, kò rí ìsinmi ní ilé. Ọtí borí rẹ̀, ìbànújẹ́ sì wọ̀ ọ́ lára, ní ọdún 1913 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nansen pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Nígbà tí Nọ́wè ya kúrò lára Súwídìnì ní ọdún 1905, wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ṣojú ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1906 sí 1908. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1907 ni ó gbọ́ pé Eva ń ṣàìsàn gidigidi. Ó gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà ni ó wà tí wáyà bá a pé ó ti kú. Ẹni tí ó ti la òkun dídì kọjá láti padà sọ́dọ̀ aya rẹ̀ kò lè dé bá a láàyè láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwa rò pé láti ìgbà náà ni ó ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ọ̀nà ilé dí mọ́ ènìyàn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé kìíní parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tí wọ́n mú lójú ogun ni ó ṣì wà ní ìgbèkùn. Àwọn ará Jámánì, Ọ́síríà àti Họ́ngárì wà ní Rọ́ṣíà títí dé Sìbéríà. Àwọn ará Rọ́ṣíà sì wà ní Jámánì. Ogun ti tán, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀, kò sí owó, àwọn ìjọba kò sì fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ebi àti àrùn ń pa wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1920 Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, bẹ Nansen pé kí ó gba iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún 58 ni, ó sì fẹ́ padà sí ìwádìí rẹ̀ nípa òkun. Ó gbà á.

Ìjọba tuntun ti Rọ́ṣíà kò ka Ẹgbẹ́ náà sí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti bá Nansen fúnra rẹ̀ dá májẹ̀mú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó wá ọkọ̀ òkun, ó wá owó, ó sì ṣètò ọkọ̀ ojú irin. A ń kó àwọn kan jáde gba Narva, wọ́n sì ń gba ojú òkun lọ sí Stettin. Àwọn ọkọ̀ kan náà ni ó sì ń kó àwọn ará Rọ́ṣíà bọ̀ kí ọkọ̀ má bàa padà lófìfo. A gba àwọn mìíràn jáde ní ọ̀nà Òkun Dúdú, a sì gba àwọn mìíràn jáde ní Vladivostok. Bí ó ti ṣe nígbà èwe rẹ̀ ni ó tún ṣe: ó ṣírò oúnjẹ, ó ṣírò ọjọ́, kò sì wo ẹ̀yìn. Ní ọdún 1922 ó jíṣẹ́ fún Ẹgbẹ́ náà pé òun ti mú ènìyàn 427,886 padà sí ilé, sí nǹkan bí ilẹ̀ 30. Ẹ fi ìyẹn wé àwọn 13 tí ó mú lọ nínú Fram. Olúkúlùkù nínú àwọn wọ̀nyí ni ó ní ẹnu ọ̀nà kan níbi tí ẹnìkan ti ń retí rẹ̀.

Kí iṣẹ́ yìí tó parí ni ìyàn ńlá mú ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1921. Nansen lọ sí agbègbè odò Volga, ó fi ojú ara rẹ̀ rí òkú àwọn ọmọdé. Ó bẹ Ẹgbẹ́ náà fún owó, wọ́n kọ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ìrànlọ́wọ́ náà yóò gbé ìjọba Rọ́ṣíà ró. Ó lọ káàkiri tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lásán. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni ó kú, ọ̀rọ̀ yìí kò sì kúrò ní ọkàn rẹ̀ títí ó fi kú.

Àwọn mìíràn sì wà tí kò ní ilé láti padà sí, àwọn ogúnléndé. Ó ju mílíọ̀nù kan ará Rọ́ṣíà lọ tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ wọn, tí ìjọba wọn sì kọ̀ wọ́n. Láìní ìwé, wọn kò lè kọjá ẹnubodè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè rí iṣẹ́ gbà. Nansen, tí Ẹgbẹ́ náà ti fi ṣe olùtọ́jú ogúnléndé ní ọdún 1921, ṣe ìwé ìrìnnà kan fún wọn ní ọdún 1922, tí ó ju 50 ìjọba lọ gbà níkẹyìn. Ìwé ìrìnnà Nansen ni ayé ń pè é. Ní ọdún náà ni a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà, ó sì fi owó náà ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní.

A kò ní yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ogun Gíríìsì àti Tọ́kì parí, ó fi ọwọ́ sí ètò pé kí àwọn Gíríìkì tí ó wà ní Tọ́kì lọ sí Gíríìsì, kí àwọn Mùsùlùmí tí ó wà ní Gíríìsì sì lọ sí Tọ́kì. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó tipa bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé bàbá wọn láìní ìrètí àtipadà. Àwọn kan wí pé ètò náà ni ó dá ogun dúró, àwọn mìíràn sì wí pé ìkà ni. Bákan náà ni ó ṣe làálàá láti rí ilẹ̀ fún àwọn ará Àméníà tí ó kù lẹ́yìn ìpakúpa. Ó lọ sí ilẹ̀ wọn ní ọdún 1925, ó ṣe ìṣirò omi àti oko tí yóò gbà wọ́n, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ náà kò fún un ní owó. Ẹni tí ó ṣẹ́gun yìnyín kò lè yọ́ ọkàn àwọn ìjọba.

A kò sì ní fi pamọ́ fún yín pé Nansen kì í ṣe ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́. Àwa tí a mọ ìtàn aláàánú ará Samáríà kò ní jẹ́ kí èyí dí wa lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1930 ó kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, Polhøgda, nítòsí Kristiania àtijọ́, láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni ọdún 68 ni. Ní ọjọ́ 17, tí í ṣe ọjọ́ àjọyọ̀ òfin ilẹ̀ Nọ́wè, ni gbogbo ìlú sin ín. Eérú rẹ̀ wà lábẹ́ igi kan nínú ọgbà ilé náà. Ibi tí ó ń padà sí láti gbogbo àjò rẹ̀ ni ó sinmi sí.

Ẹ̀yin ará, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọlé, tí ó ti wẹ̀, tí ó sì ti jẹun, a máa gbàgbé kíákíá pé ẹnìkan ṣì wà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò la òkun dídì kọjá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀ láti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tàbí ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó bọ̀ wá sílé, tàbí àlejò tí ogun lé wá sí àdúgbò wa? Kí a rántí Nansen nígbà tí a bá jókòó sí ìdí oúnjẹ wa ní alẹ́, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ara wa ta ni kò tíì dé.